Kọ́kọ́rọ́ Kẹta

Òjòwú ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Ìyá mi mọ̀, àbúrò mi mọ̀, ọkọ mi náà sì mọ̀ kó tó fẹ́ mi. Nígbà yẹn ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní kí n wo òun dáadáa, ta ló fẹ́ jí ọkùnrin tó gùn bí òpó iná báyìí. Ọdún kejìlélógún rèé tí a ti wà pọ̀, tí a ti bí ìbejì, mi ò sì tíì gbójú kúrò lára òpó iná náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní òun ò rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́. A wá a títí. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu abẹ́ àga káàkiri bí ẹni tó ń nu omi, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Mo ní kí ló dé tí kò kàn wo ibẹ̀. Ó ní òun ń wò ó. Nígbà tó yá ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí n bá òun gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kejì, pé iṣẹ́ ti wọ òun lọ́rùn.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní. Tuntun la rà á, èmi ni mo sì na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e, méjì péré. Ọkọ mi mú ọ̀kan, mo mú ọ̀kan. Tèmi ni mo fi máa ń wa ọkọ̀ ní Sátidé tí mo bá fẹ́ gbé kọ́tìnì lọ fáwọn oníbàárà, nítorí iṣẹ́ kọ́tìnì rírán ni mò ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù Oníkọ́kọ́rọ́ ò fẹ̀ ju ọ̀nà àbáwọlé ilé lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tíì gé ló kún ara ògiri láti òkè délẹ̀, wọ́n fi ìṣó kọ́ wọn ní ìlà ìlà. Bàbá náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, èérún irin ń dán lára épíróònù rẹ̀. Ó gé kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu eyín rẹ̀, ó wá tẹ̀ lé mi jáde síbi ọkọ̀. Ó ki wáyà kan bọ abẹ́ sítíárìn, ó ń wo ojú ẹ̀rọ kékeré kan tó gbé sórí itan. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Mọ́mì, kọ́kọ́rọ́ mélòó lẹ ní?"

"Méjì. Ọ̀kan ti sọ nù, ọ̀kan rèé."

"Mẹ́ta ni ọkọ̀ yín mọ̀."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe eyín kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òde òní, pé nǹkan kékeré kan wà nínú orí rẹ̀ tó máa ń dárúkọ fún ọkọ̀, tí ọkọ̀ ò bá sì mọ orúkọ yẹn, kò ní í sítáàtì. Ó ní orúkọ mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ọkọ̀ wa.

"Ẹ wò ó, bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ tèmi nìyí," ó ní. "Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti sọ nù, mo máa ń pa gbogbo orúkọ rẹ́, kí ẹni tó bá he é má baà fi gbé ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wà lórí tábìlì mi, ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀ ti di irin lásán nìyẹn. Torí náà, ẹ pe bàbá ilé yín sórí fóònù, kí wọ́n fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí wa."

Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ohun tí Oníkọ́kọ́rọ́ ò mọ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ẹjọ́ jọ. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi àti ọkọ mi, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni wá, ṣùgbọ́n Sátidé tí mo bá wọlé síbẹ̀, orúnkún mi á gbá sítíárìn. Ẹnì kan tó kúrú ti fa ìjókòó náà síwájú. Lọ́jọ́ kan mo tún rí gọ́ọ̀mù gbígbẹ lára sítíárìn, mo fi èékánná ha á kúrò. Ilé ìtẹ̀wé ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí pé àmì kékeré kì í bọ́ mọ́ ọn lójú. Kò sí ohun tó pa òun àti gọ́ọ̀mù pọ̀. Àwọn tó ń di ìwé lẹ́yìn ilé ló ń lo gọ́ọ̀mù, obìnrin sì ni wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ẹni tí mi ò tíì rí rí ní Oní-gọ́ọ̀mù.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, mi ò bá gbé e mì. Àmọ́ ọkọ mi ló máa ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà míì wà tí mi ò tiẹ̀ nílò rẹ̀, màá kàn gbé abẹ́rẹ́ fún un kó lè jókòó tì mí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti jáwọ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ fún un, ó ní kí n lọ ra èyí tí ihò rẹ̀ tóbi. Mo ṣe irun tuntun, kò sọ nǹkan kan. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò, kò wo ojú mi mọ́. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù rẹ̀, á gbé e wọ balùwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé etí sára ilẹ̀kùn yẹn, ohùn obìnrin ni mo gbọ́, ohùn pẹ̀lẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí Oníkọ́kọ́rọ́ ní ẹ̀kẹta wà, mo ti mọ ọwọ́ tó wà. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Kí ọkùnrin fún obìnrin lówó, ìyẹn burú, ṣùgbọ́n kó lọ gé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wa fún un, ọkọ̀ tí mo dá owó kọ́tìnì rírán sí, ìyẹn kọjá ohun tí mo lè dákẹ́ sí.

"Kò sí ẹ̀kẹta," mo ní. "Ẹ pa á rẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú, Mọ́mì?"

"Ó dá mi lójú gan-an ni."

Ó wo ojú mi díẹ̀, ó sì tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ tèmi sí i, ó kọ ọ́. Ó gbé tuntun sí i, ó kọ ọ́. Ojú ẹ̀rọ náà fi méjì hàn. Mo wakọ̀ lọ sílé, mo ń kọrin.

Nígbà tí ọkọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun lé e lọ́wọ́. Kò wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ eyín rẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀, ó ní wọ́n ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé kò sọ nǹkan kan, ẹni tó ṣe é?"

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Kò sí. Mo kàn béèrè ni."

Mo wò ó níbi tó jókòó sí, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà po lọ́wọ́, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, dúró ná, ọ̀la ò jìnnà.

Ní Ọjọ́rú, mo pa máṣíìnì tì láti ago mẹ́ta, mo wọ búláòsì yẹ́lò tó rà fún mi fúnra rẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí géètì ilé ìtẹ̀wé wọn. Mo ra omi. Ibi tí mo wà, mo ń rí ọkọ̀ wa nínú ọgbà wọn lọ́hùn-ún, lábẹ́ páànù. Ètò mi ò ṣòro: ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀ yẹn tí kò sítáàtì, òun ni mò ń wá. Màá sọdá títì, màá kí i, màá bi í léèrè ohun tó sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà kà lọ́kàn tó ìgbà mẹ́wàá.

Nígbà tí ago mẹ́rin lù, obìnrin kan jáde ṣáájú gbogbo wọn. Ó kúrú. Gọ́ọ̀mù ti yi mọ́ épíróònù rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lọ tààrà sídìí ọkọ̀ wa, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé síwájú. Ẹ má bínú sí mi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kò rẹwà. Ó dàgbà jù mí lọ. Ewú ti gba ẹ̀bátí rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì rí bí ìrìn ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo rò pé ara á tù mí, ńṣe ló tún dùn mí sí i. Ká ní ọmọge ni, mi ò bá sọ pé ojú ọkọ mi ló fà á. Èyí, nǹkan mìíràn ló rí lára ẹ̀ nìyẹn, ohun tí èmi ò ní.

Ó gbìyànjú láti sítáàtì rẹ̀. Ọkọ̀ ò dáhùn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó tún un ṣe. Kò dáhùn. Inú mi dùn débi pé mo mu omi tó kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde, wọ́n ń dúró wò ó. Ẹnì kan ní bátìrì ni. Ẹnì kan ṣí iwájú ọkọ̀. Láìpẹ́ ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ jáde, ọkùnrin oníkùn tó máa ń gbé gíláàsì ojú kọ́rùn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì títì.

"Ọkọ̀ Ojú Àwòdì kọ́ nìyí? Kí ni ìwọ ń ṣe nínú ẹ̀?"

Obìnrin náà gbórí sílẹ̀. Mo ti dìde dúró.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi jáde. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ògiri bó ṣe ń bọ̀, bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ọ̀gá ní, "Ojú Àwòdì, obìnrin yìí ò rí i sítáàtì. Sítáàtì ẹ̀ fúnra rẹ ká rí i." Gbogbo wọn dúró yí i ká. Oní-gọ́ọ̀mù bọ́ sílẹ̀, ó dì í lápá mú, ó sọ nǹkan sí i létí. Ọkọ mi mirí. Ó fi ọwọ́ wá ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kó tó wọlé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sítáàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ní gbé e lọ jàre. Obìnrin yẹn di fèrèsé mú, kò fẹ́ kó lọ, ọkọ mi sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Géètì ilé ìtẹ̀wé yẹn fẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó bébà ló ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́. Ọkọ mi rọra wakọ̀ bọ̀, kò sáré rárá, ó wá tààrà, ó sì gbá òpó géètì tó wà lọ́wọ́ òsì. Mo gbọ́ bí iná iwájú ṣe fọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọdá títì. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti fọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀, kò tó ìṣísẹ̀ méjì sí ara wa, èmi àti búláòsì yẹ́lò mi. Ó gbójú sókè sí mi. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ló wò.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Mi ò rí yín. Ṣé mi ò fi ọkọ̀ kàn yín?"

Ohùn tó fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo dúró síbẹ̀, ó ṣì ń retí èsì, ó ń da orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kó lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún Oní-gọ́ọ̀mù fò lọ.

"Bàbá Ìbejì," mo ní.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀. Ọ̀gá wọn wò ó, ó wo òpó géètì, ó ní kó máa sinmi nílé ná, pé àwọn á pè é. Mo mọ̀ pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í tètè wá.

Èmi ni mo wakọ̀ lọ sílé. Mo ní láti ti ìjókòó sẹ́yìn kí n tó lè wọlé. Oní-gọ́ọ̀mù jókòó sẹ́yìn, torí ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ilé rẹ̀ wà, mi ò sì lè sọ pé kó má wọlé. Nígbà tó yá, ó na kọ́kọ́rọ́ kan sí mi láàárín ìjókòó méjèèjì.

"Ìyá Ìbejì, tiyín ni. Ó ti kú. Mi ò mọ ohun tó ṣe é."

"Èmi ni mo pa á," mo ní.

Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Obìnrin lòun náà. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó kọjú síwájú bí ẹni pé òun ló ń wakọ̀. Ó ní oṣù mẹ́jọ rèé tí àárín ojú òun ti ń lọ. Ó ṣì ń rí etí nǹkan, ṣùgbọ́n ibi tó bá gbójú lé gan-an ló máa ń pòórá. Dókítà ti ní kó má wakọ̀ mọ́. Láàárọ̀ á rọra wà á dé ilé epo tó wà lẹ́bàá ilé wa, Oní-gọ́ọ̀mù á ti máa dúró dè é níbẹ̀, á gbà á wà. Tí wọ́n bá ṣíwọ́, obìnrin náà á kọ́kọ́ jáde lọ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, ọkọ mi á wọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á jọ padà dé ilé epo náà. Ìyẹn ló fi gé kọ́kọ́rọ́ fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tó ń gbé tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á jókòó sáàárín àwọn ìwé tí wọn ò tíì dì, obìnrin náà á máa ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè fún un, òun á máa fi etí mú àṣìṣe. Obìnrin tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú balùwẹ̀, fóònù ni. Fóònù ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún un.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo mọ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ lo máa ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mi ò bá sọ gan-an nìyẹn, màá sì pariwo lé e. Mo wakọ̀ lọ, ojú mi ń ṣomi. Ẹ sì wò ó, nínú ẹkún náà, mo ṣì ń jowú. Mò ń jowú oṣù mẹ́jọ. Mò ń jowú ọ̀sán gbogbo tí ó fi jókòó gbọ́ ohùn obìnrin mìíràn, tí mo sì wà nílé, tí mò ń bínú sí abẹ́rẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sọ́dọ̀ Oníkọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo ní ká lọ. Ọkọ mi ní láti máa lọ rí dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ tí mo máa ń lọ wọn fèrèsé àwọn oníbàárà mi, mo sì ti bẹ Oní-gọ́ọ̀mù pé kó máa bá mi gbé e lọ tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Kò rọrùn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Oníkọ́kọ́rọ́ rí kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lórí tábìlì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ṣebí ẹ ní kò sí ẹ̀kẹta?"

"Mo parọ́ ni," mo ní. "Ẹ tún gbogbo wọn kọ."

Ó ti ń na ọwọ́ sí wọn nígbà tí ọkọ mi ní kó dúró. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, ó fi í sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìkejì, ó fi í sílẹ̀. Ó dé orí ẹ̀kẹta, ó fi àtàǹpàkò tẹ eyín rẹ̀ tó ṣì mú, tuntun tí mo gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó tì í sápá kan.

"Ẹ má kọ èyí," ó ní.

Oníkọ́kọ́rọ́ wo ojú mi. Mo ní kó ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ó pa gbogbo orúkọ rẹ́, ó kọ tèmi, ó kọ ti Oní-gọ́ọ̀mù, ó ní méjì pé. Ọkọ mi na ọwọ́, ó gba tirẹ̀ padà, ó fi í sínú àpò ṣòkòtò bó ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí a jáde, ó ṣáájú wa débi ọkọ̀. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wà á, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀. Oní-gọ́ọ̀mù ti fẹ́ lọ mú un lápá. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkọ mi tó yọ ọwọ́ lára ilẹ̀kùn, tó fi ń kan ara ọkọ̀ yí ká lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo dúró dè é.